Tàdáà Aláwọ̀ Aró: Láti Orí Wàláà Dé Inú Kálàmù Wa



Nígbà tí bàbá wa jáde láyé, lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, àwa ọmọ ṣí àpótí onígi kan tí ó wà lábẹ́ ibùsùn wọn ní ilé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde. Òjò ti ń jò sí yàrá náà fún ìgbà pípẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nínú gbogbo ohun tí a bá nínú àpótí náà, ìwé méjì ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Èkíní ni tákàdá kan tí bàbá wa àgbà fi ànjẹmí kọ, ìyẹn ni pé wọ́n fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ èdè Yorùbá. Orúkọ àwọn ọmọ wọn àti ààlà ilẹ̀ oko wọn ni wọ́n kọ síbẹ̀. Omi ti kan tákàdá náà, etí rẹ̀ ti já, tàdáà rẹ̀ sì ti di pupa rúsúrúsú, ṣùgbọ́n àáfà tí a pè wá kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ láì fi lẹ́tà kan sílẹ̀. Èkejì ni ìwé àkọsílẹ̀ tí bàbá wa fúnra wọn fi kálàmù wọn kọ. Tàdáà búlúù ni wọ́n fi kọ ọ́, búlúù tí ó mọ́ tí ó sì tutù lójú. Ìwé náà kò já, kò ya, ṣùgbọ́n kò sí ọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ mọ́. Gbogbo ojú ewé rẹ̀ ti di àbàwọ́n aró lásán, bí aṣọ tí a kò rẹ dáadáa tí aró rẹ̀ ṣí.

Nínú ìwé kejì yìí ni àkọsílẹ̀ gbèsè kan wà tí bàbá wa ti san. Ẹni tí wọ́n yá owó náà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kú ṣáájú wọn. Àwọn ọmọ rẹ̀ mú ìwé àdéhùn tí ó wà lọ́wọ́ tiwọn wá, wọn kò sì rí ibi kankan tí a kọ ọ́ sí pé a ti san owó náà. Ẹ̀gbọ́n wa àgbà ní ojú òun ni bàbá ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n san án, ṣùgbọ́n ibo ni ìwé náà wà tí a ó fi hàn? A san gbèsè náà lẹ́ẹ̀kejì. N kò sọ pé àwọn ọmọ olówó purọ́ o. Ohun tí wọ́n bá nínú àpótí bàbá tiwọn ni wọ́n mú wá. Tàdáà ni ó já wa kulẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè kan ti ń dà mí láàmú: kí ni ó dé tí tàdáà tí wọ́n sè nínú ìkòkò fi pẹ́ láyé ju èyí tí òyìnbó rọ sínú ìgò tí ó lẹ́wà? Ìdáhùn rẹ̀ gùn díẹ̀, ó sì gba inú ìtàn ìlú wa kọjá. Mo fẹ́ kí ẹ bá mi tọ̀ ọ́ lẹ́sẹẹsẹ, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú wa ni ó ṣì ń kọ ọ̀rọ̀ pàtàkì pẹ̀lú tàdáà tí kò yẹ ọ̀rọ̀ náà.

Oríṣi tàdáà méjì tí àwọn baba wa mọ̀

Kí òyìnbó tó gbé ìgò tàdáà dé ilẹ̀ wa ni a ti ń kọ̀wé. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a fi ń ṣe iṣẹ́ náà ni ẹlẹ́rìí. Tàdáà, tí àwọn àgbà mìíràn ń pè ní tàdáwà, ọwọ́ àwọn Haúsá ni a ti gbà á. Tawada ni àwọn ń pè é. Tákàdá pẹ̀lú, ọwọ́ wọn ni ó ti tẹ̀ wá lọ́wọ́. Kálàmù àti wàláà, inú èdè Lárúbáwá ni orírun wọn wà. Àwọn ọ̀rọ̀ yìí bá ẹ̀sìn àti ìmọ̀ wọlé ni, tipẹ́tipẹ́ kí ilé-ìwé ABD tó dé.

Ẹni tí ó bá ti jókòó lórí ẹní níwájú àáfà rí yóò rántí bí wọ́n ti ń ṣe é. A ó lọ èédú kúnná, tàbí kí a ha dúdú tí èéfín ń fi sí ìdí ìkòkò, a ó pò ó mọ́ omi àti oje igi tí ń lẹ̀. Igi tí a gbẹ́ lẹ́nu ni a ó tì bọ̀ ọ́, a ó sì fi kọ ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà sí orí wàláà. Bí ọmọ bá ti mọ ọ́n lórí, àáfà yóò ní kí ó lọ fọ wàláà rẹ̀, kí wọ́n lè kọ òmíràn síbẹ̀. Tàdáà orí wàláà gbọ́dọ̀ ṣí nígbà tí omi bá kàn án. Bí kò bá ṣí, ẹ̀kọ́ kò lè tẹ̀ síwájú.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń da Al-Kùránì kọ sínú tákàdá, tàbí tí ó ń kọ ìwé tí ọmọ-ọmọ rẹ̀ yóò kà, kò ní fi irú tàdáà bẹ́ẹ̀ ṣe é. Àwọn Haúsá tí ọ̀pọ̀ nínú ìmọ̀ yìí ti ọwọ́ wọn wá máa ń se èso bàgàrúwà, igi kan náà tí àwọn aláwọ fi ń ṣe awọ, wọn a sì fi irin àti oje igi sí i. Ohun kíkan kan wà nínú èso náà tí ó máa ń bá irin ṣiṣẹ́ pọ̀. Bí ó bá ti kan tákàdá, yóò wọ inú rẹ̀ lọ ṣinṣin, afẹ́fẹ́ yóò sì sọ ọ́ di dúdú sí i. Lẹ́yìn ọdún gbọgbọrọ, ó lè di pupa rúsúrúsú, bí ti bàbá wa àgbà, ṣùgbọ́n omi kì í sábà gbé e lọ. Àléébù tirẹ̀ ni pé bí irin inú rẹ̀ bá pọ̀ jù, ó lè máa jẹ tákàdá náà díẹ̀díẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ di ibí yìí mú, nítorí pé òun ni òpó ọ̀rọ̀ mi: àwọn baba wa kò bèèrè pé tàdáà wo ni ó dára jù. Ohun tí wọ́n ń bèèrè ni pé, kí ni a fẹ́ kí ìwé yìí ṣe? Ṣé a kọ ọ́ láti fọ̀ ni, tàbí a kọ ọ́ láti tọ́jú? Wàláà ní tirẹ̀, tákàdá ní tirẹ̀.

Bí ìgò tàdáà ṣe wọ Ìjẹ̀bú

Kí ó tó di 1892, ìlú Ìjẹ̀bú kì í gba àjèjì láàyè bẹ́ẹ̀. Àwọn Ìjẹ̀bú ni ó ń ṣọ́ ọ̀nà ọjà láti etí ọ̀sà dé òkè, wọn kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gba orí wọn kọjá. Àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àkọ́kọ́ sì jẹ́ ẹrú tí wọ́n kó wá láti òkè. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892, nígbà tí Gilbert Carter jẹ́ gómìnà ní Èkó, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì bá Ìjẹ̀bú jà ní Ìmàgbọ̀n, wọ́n sì wọ Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn baba wa sunkún ọjọ́ náà, ó sì yẹ kí wọ́n sun ún. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn rẹ̀ ni ẹ̀sìn Ìsìláàmù àti ti Kìrìsìtẹ́nì tàn ní ìlú náà bí iná ọyẹ́. Nígbà tí Balógun Kúkù gba Ìsìláàmù ní 1902, ogunlọ́gọ̀ ènìyàn ni ó tẹ̀lé e. Gbogbo ẹni tí ó bá ti wo Ọjọ́ Ojúde Ọba lẹ́yìn Iléyá ni ó mọ orúkọ rẹ̀.

Ilé kéwú pọ̀ sí i ní Ìwàdé, ní Pòrógún àti ní Ìjàsí. Ṣùgbọ́n ìwé mìíràn tún dé pẹ̀lú ìjọba tuntun: ìwé kóòtù, ìwé owó orí, ìwé ilẹ̀, rìsíìtì. Ẹni tí kò mọ ABD bẹ̀rẹ̀ sí í rí i pé àwọn ẹlòmíràn ni ó ń kọ ọ̀rọ̀ òun fún òun. Ọ̀pọ̀ òbí Mùsùlùmí ni ẹ̀rù ń bà láti fi ọmọ wọn sí ilé-ìwé àwọn míṣọ́nnárì, kí wọ́n má baà yí i lẹ́sìn padà. Nítorí náà ni ìjọba Èkó fi dá ilé-ìwé fún àwọn ọmọ Mùsùlùmí sílẹ̀ ní Èkó ní 1896, lábẹ́ Carter kan náà, tí wọ́n sì ṣe irú rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ ní 1898 àti ní Àgbádárìgì ní 1899. Ẹ̀pẹ́ kò jìnnà sí wa, ará ni wá. Ní 1913, wọ́n dá Ijebu-Ode Grammar School sílẹ̀. Nígbà tí ó yá, àwọn Mùsùlùmí ìlú náà pẹ̀lú ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tiwọn, ìyẹn Muslim College, Ìjẹ̀bú-Òde.

Ọmọ tí ó fi wàláà sílẹ̀ ní àárọ̀ tí ó sì lọ sí ilé-ìwé bá oríṣi tàdáà mìíràn pàdé níbẹ̀. Kálàmù onírin tí a ń tì bọ inú tàdáà ni wọ́n ń lò. Bí a bá kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin, a ó tún tì í bọ̀ ọ́. Ní orí tábìlì, ihò kan wà tí ìkòkò tàdáà kékeré ń wọ̀. Bébà rírọ̀ kan wà pẹ̀lú tí a fi ń fa tàdáà tí ó bá kán sílẹ̀.

Àwọn akọ̀wé ní ọ́fíìsì fẹ́ràn tàdáà tí ó kọ́kọ́ ń jáde ní àwọ̀ aró, tí ó sì ń di dúdú bí ó bá ti ń gbẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀, nítorí pé ẹnu yóò yà yín. Kókó kan tí ń hù lára igi óákù ní Yúróòpù ni wọ́n ń rẹ, wọ́n sì ń fi irin àti oje igi sí i. Ọgbọ́n kan náà ni pẹ̀lú ti bàgàrúwà. Ṣùgbọ́n irú tàdáà yìí máa ń ṣì dà bí omi lásán nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kọ̀wé, akọ̀wé kò sì ní rí ohun tí ó ń kọ dáadáa. Nítorí náà, ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn tí ń ṣe é ní Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi aró sínú rẹ̀, aró irú èyí tí ó wà nínú ẹ̀lú tí àwọn ìyá wa fi ń rẹ aṣọ. Aró ni ojú kọ́kọ́ ń rí. Irin ni ó ń dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ní Ìlú Ọba, irú tàdáà yìí ni wọ́n yàn fún ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbí àti ikú, nítorí pé wọn kò fẹ́ kí orúkọ ẹnikẹ́ni parẹ́.

Kálàmù tí ń gbé tàdáà rẹ̀ sínú

Ọ̀pọ̀ rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ ro irú kálàmù tí a ń pè ní fáúntìn-pẹ́ẹ̀nì. Kò rí bẹ́ẹ̀ pátápátá. Al-Mu'izz, Khalifah àwọn Fátímídì tí ó jọba láti 953 sí 975, ìjọba rẹ̀ wà ní ìhà ibi tí a mọ̀ sí Tunisia lónìí kí wọ́n tó gba Íjíbítì ní 969. Adájọ́ rẹ̀, al-Qadi al-Nu'man, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Khalifah náà bèèrè fún kálàmù tí yóò máa gbé tàdáà rẹ̀ sínú ara rẹ̀, tí kò ní kán sí aṣọ tàbí ọwọ́, tí a lè yí lórí kodò láì jẹ́ pé tàdáà dà sílẹ̀. Wọ́n sì ṣe é fún un. Ẹ wo bí ohun tí Khalifah bèèrè ní ẹgbẹ̀rún ọdún sẹ́yìn ti jọ ohun tí ọmọ ilé-ìwé ní aṣọ funfun ń fẹ́!

Irú èyí tí ó tàn káàkiri ayé, Lewis Waterman ní Amẹ́ríkà ni ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1884. Ohun tí ó yanjú ni bí afẹ́fẹ́ yóò ṣe máa wọlé bí tàdáà ti ń jáde, kí ó má baà dà gììrì. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, Parker sì wà nínú wọn. Ní 1931 ni Parker gbé tàdáà kan jáde tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Quink, èyí tí wọ́n ṣe kí ó máa tètè gbẹ lórí bébà, kí ó má sì dí kálàmù.

Ìgò Quink ni ọ̀pọ̀ ilé akọ̀wé ní Ìjẹ̀bú mọ̀. Ní ayé ìgbà náà, bí ènìyàn bá wọ agbádá, tí ó sì fi kálàmù kọ́ àpò ẹ̀wù abẹ́ rẹ̀ tí irin rẹ̀ ń dán, wọn kì í tún bèèrè bóyá ó kàwé. Nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní 1955, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ẹkùn náà lé ní 800,000 ní ọdún náà nìkan. Ẹ ro iye aṣọ tí tàdáà lè bà jẹ́.

Búlúù méjì nínú ìgò tí ó jọra

Ibí yìí ni ìtàn ti kan bàbá wa. Tàdáà tí ó wà nínú ìgò bẹ̀ẹ́ kì í ṣe oríṣi kan. A kọ "Washable" sí ara ìgò kan, ìyẹn èyí tí ó ṣeé fọ̀ dànù. A kọ "Permanent" sí ara òmíràn, ìyẹn èyí tí a ṣe kí ó lè dúró. Ìgò kan náà, ọmọrí kan náà, búlúù ni àwọn méjèèjì. Ẹni tí ó bá ń kánjú ní ìsọ̀ yóò nawọ́ mú èyí tí ó bá sún mọ́ ọn.

Búlúù tí ó ṣeé fọ̀ kì í ṣe ayédèrú. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Aró àtọwọ́dá tí ó yọ́ sínú omi ni ó wà nínú rẹ̀. Kò sí irin, kò sí èédú. Bí ó bá kán sí aṣọ ilé-ìwé, ìyá ọmọ yóò fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, yóò sì lọ. Kì í dí kálàmù. Bí kálàmù bá gbẹ, omi lásán ni a ó fi ṣàn án. Ní Jámánì, àwọn ọmọ ilé-ìwé tilẹ̀ ní kálàmù kan tí wọ́n fi ń pa irú búlúù yìí rẹ́ bí wọ́n bá ṣì kọ, kí wọ́n lè tún un kọ. Àwọ̀ rẹ̀ sì dára: ó yàtọ̀ sí dúdú tí a fi tẹ ìwé, ó sì yàtọ̀ sí pupa olùkọ́. Nítorí náà ni ó fi di tàdáà ojoojúmọ́.

Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá jẹ́ oore fún aṣọ ni ó jẹ́ ewu fún ìwé. Omi tí ó ń fọ̀ ọ́ kúrò lára aṣọ yóò fọ̀ ọ́ kúrò nínú ìwé pẹ̀lú. Oòrùn ń pa á: ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé fún oṣù díẹ̀, ẹ ó rí i pé ó ń ṣá. Kẹ́míkà tí a fi ń sọ aṣọ di funfun lè pa á rẹ́ pátápátá, oníjìbìtì sì mọ èyí. Ó lè pa iye owó kan rẹ́ kí ó kọ òmíràn sí i.

Bàbá wa ra tàdáà wàláà, wọ́n sì fi kọ ìwé tákàdá. Àṣìṣe tí ó ṣẹlẹ̀ nìyẹn, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọgbọ́n tí bàbá wọn mọ̀ ní ilé kéwú wà lára ìgò náà, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, kò sì sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ọ̀rọ̀ méjèèjì náà ni "láti fọ̀" àti "láti tọ́jú".

Lẹ́yìn èyí ni bírò dé. László Bíró, ọmọ ilẹ̀ Hungary, ni ó gba ìwé àṣẹ rẹ̀ ní 1938, BIC sì gbé oníke olówó pọ́ọ́kú jáde ní 1950. Àwọn olùkọ́ púpọ̀ kọ́kọ́ kọ̀ ọ́, wọ́n ní ó ń ba ọwọ́ ìkọ̀wé jẹ́. Ṣùgbọ́n ó borí, dé ibi pé orúkọ ọkùnrin náà ni gbogbo ọmọ Yorùbá ń pe ohun ìkọ̀wé. Nígbà tí fáúntìn kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ìmọ̀ nípa tàdáà bá a lọ. Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ kan tún ń padà sídìí fáúntìn nítorí pé ó ń mú ọwọ́ ìkọ̀wé gún, kò sì gba agbára. Ohun tí ó dára ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Nítorí náà ni mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo ti kọ́.

Bí a ó ṣe yan búlúù ojoojúmọ́

Èkíní, ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìbéèrè àwọn baba wa: ṣé láti fọ̀ ni, tàbí láti tọ́jú? Fún iṣẹ́ kíláàsì, ìwé ìṣírò, lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ àti ohun tí a ń dà kọ nígbà wáàsí, búlúù tí ó ṣeé fọ̀ ni ó yẹ. Ó rọrùn, ó mọ́, ó ń tọ́jú kálàmù. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Èkejì, fún gbèsè, wàsíà, ìpín ogún, ọjọ́ ìbí ọmọ, ìwé ilẹ̀ àti àdéhùn ìgbéyàwó, ẹ má fi í kọ ọ́. Ẹ wá búlúù-dúdú onírin, irú èyí tí Pelikan àti Diamine ń ṣe, tàbí búlúù tuntun tí wọ́n fi ìyẹ̀fun àwọ̀ ṣe dípò aró tí ń yọ́, irú èyí tí Sailor àti Platinum ní Japan ń ṣe. Ìyẹ̀fun náà máa ń há sínú bébà, omi kì í sì í gbé e lọ bí ó bá ti gbẹ. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì ń fẹ́ ìtọ́jú: ẹ máa lò wọ́n déédéé, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n gbẹ mọ́ kálàmù nínú, pàápàá nígbà ọyẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ má gbà ọ̀rọ̀ orí ìgò gbọ́ láì dán an wò. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta sórí irú bébà tí ẹ ń lò lójoojúmọ́. Nígbà tí ó bá ti gbẹ fún ọjọ́ kan, ẹ kán omi sí ìlà kìíní. Ẹ gé ìlà kejì, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú fèrèsé tí oòrùn ń wọ̀. Ẹ tọ́jú ìlà kẹta sínú ìwé. Lẹ́yìn oṣù méjì, ẹ gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Ojú yín yóò sọ fún yín ju olùtajà lọ. Ẹ tún wo ẹ̀yìn bébà náà. Ọ̀pọ̀ ìwé ọmọ ilé-ìwé wa ń fa tàdáà mu púpọ̀, kálàmù tí ẹnu rẹ̀ tínínrín sì ni ó bá irú wọn mu. Tàdáà tí ń tàn bí omi lórí aṣọ, tí ó sì ń yọ sí ẹ̀yìn, kò yẹ fún ìwé yẹn, bí ó ti wù kí àwọ̀ rẹ̀ dára tó.

Ẹ̀kẹrin, ẹ má po tàdáà méjì pọ̀. Wọ́n lè dì nínú kálàmù. Bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, ẹ fi omi tútù ṣan kálàmù náà títí omi yóò fi mọ́. Ẹ má sì rọ tàdáà èédú ti ilé kéwú, tàbí ti àwọn ayàwòrán, sínú fáúntìn láéláé. Yóò dí i pa. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ẹ̀karùn-ún, èyí kan àwọn tí wọ́n ń kọ hàntú tí wọ́n sì ń mu omi rẹ̀. N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí rẹ̀ níhìn-ín, ọ̀rọ̀ àwọn àáfà ni. Ṣùgbọ́n tàdáà inú ìgò kì í ṣe ohun mímu. Kẹ́míkà wà nínú rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó hu èèhù. Ẹ má fún ọmọ mu.

Kí a tó dìde

Nínú Al-Kùránì, ẹsẹ tí ó gùn jù lọ, ẹsẹ 282 nínú Súratul-Bakọrah, ọ̀rọ̀ gbèsè àti kíkọ ọ́ sílẹ̀ ni ó dá lé. Bàbá wa mọ ẹsẹ náà, wọ́n sì ṣe ohun tí ó ní kí a ṣe. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tí ó kù díẹ̀ káàtó ni ohun tí wọ́n fi kọ ọ́.

Lónìí, ìgò méjì ni ó wà lórí tábìlì mi. Búlúù tí ó mọ́ ni mo fi ń kọ nǹkan ojoojúmọ́. Òun ni mo fi kọ àpilẹ̀kọ yìí kí n tó dà á kọ. Búlúù-dúdú onírin ni mo fi ń kọ ohun tí àwọn ọmọ mi yóò bá nínú àpótí. Mo lẹ bébà kékeré mọ́ ara ìgò kọ̀ọ̀kan. Mo kọ "Wàláà" sí ti àkọ́kọ́, mo sì kọ "Tákàdá" sí ti èkejì. Àbígbẹ̀yìn mi, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mọ ìyàtọ̀ wọn.

Ẹ jọ̀wọ́, kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, ẹ ṣí àpótí ilé yín nígbà tí àwọn àgbà ṣì wà láyé láti ṣàlàyé ohun tí ó wà níbẹ̀. Ìwé tí ó bá ti ń ṣá, ẹ dà á kọ pẹ̀lú tàdáà tí ń dúró, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì gbé e kúrò níbi tí òjò lè jò sí. Ìwé ànjẹmí bàbá wa àgbà ṣì wà lọ́wọ́ wa. Ní ọdún tí ó kọjá, nígbà tí àríyànjiyàn ààlà oko ṣẹlẹ̀, òun ni a mú jáde, àáfà kà á, ọ̀rọ̀ sì tán níbẹ̀.

Kí Ọlọ́run Ọba jẹ́ kí àkọsílẹ̀ rere wa pẹ́ lẹ́yìn wa. Àmín.